Ojú Ìwé Tí Abẹ Kò Tíì Kàn

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò yìí ti ń lo tirẹ̀ láti kékeré. Nítorí náà, nígbà tí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fa ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan yọ nínú márùn-ún tó tẹ̀ léra, tó ní kó lọ ka ìkíní kó wá sọ bó ṣe rí kí àwọn tó jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò gbà pé ìwé lásán ni wọ́n yá òun.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tún bu epo sí iná náà. Ó ní ọkùnrin méjì ti wá tọrọ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin rí. Bàbá yá wọn níwèé yìí kan náà, wọ́n dá a padà, wọ́n yìn ín títí, wọ́n tọrọ ìkejì. Láti ọjọ́ náà, ojú bàbá kò rẹ́rìn-ín sí wọn mọ́.

Ó ka ìwé náà. Kò dùn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀ kàn ń yí òkú po bí ẹni tó ń wá bàtà rẹ̀ ni. Bí òun bá yìn ín, òun di ẹnìkẹta àwọn méjì yẹn. Bí òun bá sì bú u, ta ní í sọ fún àgbà pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀?

Síbẹ̀, ó kà á lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó kan ojú ìwé méjì tó ṣì so pọ̀ létí, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láìgé. Ó mú abẹ, ó là á. Inú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dárúkọ apànìyàn.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Àṣé ohun tí àwọn méjì yẹn kò kà dópin ni wọ́n ń yìn, bàbá sì rí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín rẹ̀ dá. Bó bá jẹ́ abẹ òun ló kọ́kọ́ kan ibẹ̀, a jẹ́ pé bàbá tó ń fọ́nnu káàkiri ilé pé òun ti ka márààrún tán kò débẹ̀ rí. Èwo wá ni pàkúté nínú gbogbo èyí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gbé ìwé náà padà. Bàbá, kápẹ́ńtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan pẹpẹ ìwé ilé náà, jókòó sábẹ́ pẹpẹ ọ̀hún. Ìyá ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kò dùn. Mo sùn lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Áyọ́ọ̀nù ìyá dúró. Bàbá gba ìwé, àtàǹpàkò rẹ̀ sì lọ tààrà síbi tí abẹ gbà kọjá, bí ẹni tó mọ ibi tó ń dùn ún. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá sún mọ́ ọmọkùnrin náà.

"Ta ló pa á?" Ohùn rẹ̀ kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Dókítà ni."

"Mo fura sí i. Ibi tó so pọ̀ yẹn ló ti sú mi. Kí n tó ra márààrún, ìyá ẹ yìí ní kí n kọ́kọ́ ra ọ̀kan tọ́ wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ fún un pé òótọ́ ló sọ?" Ó fa ìkejì yọ, ó dì í mú. "Ṣé ká tẹ̀ síwájú, àbí ká fi sílẹ̀?"

Olùkọ́ náà wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá pàkúté kan tún kù. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọkùnrin tó ti ń wá ẹni tí yóò bá òun kàwé.

"Ẹ jẹ́ ká jọ kà á, Bàbá. Tó bá tún sú wa, a ó jọ pa á tì."

"Ó dáa. Jókòó, ọmọ mi."

Áyọ́ọ̀nù tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bọ̀.

"Abẹ wà nínú agolo òwú mi," ni ìyá wí, láìgbójú sókè. "Ojú ìwé so pọ̀ nínú ìkejì náà. Mo ti wò ó tipẹ́."