Ọjọ́ Tí Ilẹ̀kùn Gbàgbé Rìmóòtù

Aago méjìlá ọ̀sán Sátidé ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún padà dé láti Pólì Ìlaròó, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọgbà, ó na rìmóòtù sí ilẹ̀kùn gáréèjì bí ó ti máa ń ṣe, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn irin náà dúró gbagidi. Inú bí i díẹ̀, nítorí oòrùn ọjọ́ náà mú, ebi sì ń pa á. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà tí ariwo ọkọ̀ dákẹ́ ni ó tó gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà láti inú. Gbígbá náà ò le. Ó dà bí ìgbà tí ọwọ́ ti rẹ ẹni tó ń gbá a.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìyàwó, ṣé ìwọ nìyẹn?" Ohùn Màmá Mẹ̀dínátù ni. "Bá mi ṣílẹ̀kùn. Ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná."

Ara Rẹ̀mílẹ́kún tutù nini nínú oòrùn yẹn. Màmá Mẹ̀dínátù ni ìyá Ọlágúnjú ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n mú un wá láti Ayétòrò, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ sóko mọ́. Ìyàwó àti ìyá ọkọ kò jà rí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọwọ́ ara wọn. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ilé, oúnjẹ ti délẹ̀; ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àárín wọn máa ń parí sí.

Bí ó ṣe dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ padà sí i lọ́kàn. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ jáde. Ó ti pẹ́, fóònù wà létí rẹ̀, ó kàn na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, ó tẹ rìmóòtù, ó sì lọ, kò wẹ̀yìn wò. Ó mọ̀ pé Màmá máa ń kó apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ gáréèjì. Kò wò ó bóyá ẹnì kankan wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ti ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́lé fún wákàtí méjì àti ààbọ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú! Èmi ni mo tì yín mọ́bẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà nínú ibẹ̀."

"Tí mo bá jáde, wàá wí ìyẹn fún mi. Ṣílẹ̀kùn ná."

Ó tẹ rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ó ṣàkíyèsí pé iná ṣíún tó máa ń tàn lórí rẹ̀ kò tàn. Bátìrì! Ó ké sí Màmá pé òun ń bọ̀, ó sáré dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò fóònù ní oríta, ó ra bátìrì pẹlẹbẹ tí rìmóòtù ń lò, ó sì sáré padà. Ìkánjú mú kí ó dojú bátìrì dé nígbà àkọ́kọ́. Ó yọ ọ́, ó tún un fi sí i. Iná rìmóòtù tàn yànràn. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó nà án sí ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀kùn kò mira.

Ó pe Ọlágúnjú, tó ti lọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé. Ọlágúnjú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí a fi ń tú u sílẹ̀ láti ìta," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ó wà lára kọ́kọ́rọ́ mi níbí."

"Ẹni tó bá wa ṣe é ńkọ́?"

"Òdìkejì bọ́dà ló ń gbé. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í lọ mọ́. Ó fi ìwé ẹ̀rọ ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ṣá, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ń bọ̀, Rẹ̀mí. Mo ti ń bọ̀. Jọ̀ọ́, máa bá Màmá sọ̀rọ̀, má jẹ́ kí wọ́n sùn."

Láti Abẹ́òkúta, bí ọ̀nà bá dára pàápàá, ó ju wákàtí kan lọ dáadáa. Aago kan sì ni Màmá ń lo oògùn ọ̀sán.

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún yóò fi mú ìwé náà jáde, àwọn aládùúgbò ti gbọ́. Lukman wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé wọn, ti gbé ẹ̀rọ tí ó fi ń gé irin dé, ó sì ń wá ibi tí yóò ti gba iná.

"Àǹtí, ẹ má dà á rò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi gé ihò tí Màmá á gbà jáde."

Ó ti wọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ti tẹ̀ba síwájú ilẹ̀kùn. Màmá tún fọhùn láti inú, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ìyàwó, bóo ni mo ṣe máa ṣe é? Òórùn epo yìí ti ń mú kí òyì kọ́ mi."

Rẹ̀mílẹ́kún figbe ta. "Lukman, dúró! Dúró! Epo wà níbẹ̀!"

Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù mẹ́rin ni Ọlágúnjú kó síbẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ooru ti mú kí òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ibẹ̀. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo láti ara irin tí wọ́n bá gé ti tó. Lukman gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Òógùn bo ojú rẹ̀. "A dúpẹ́ o," ni ó ń wí. "A dúpẹ́ o." Ó wò yíká, ó rí àkàbà, ó fi ti ògiri ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, níbi tí àwọn búlọ́ọ̀kù atẹ́gùn wà lókè. Ibẹ̀ ni ó ti ń ju píọ́ wọ́tà sínú ilé fún Màmá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì fi oògùn rẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún dì sínú ìnujú lé e.

"Mo ti rí i," ni Màmá wí. "Mo ti lò ó."

Rẹ̀mílẹ́kún ṣí ìwé ẹ̀rọ náà. Faransé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn aago. Ìgbà náà ni Edith wọlé, tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Edith ni aránṣọ tó wà ní ilé kejì. Ọmọ Pobè ní òdìkejì bọ́dà ni, ọkọ ló gbé e dé Ìlaròó ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Àtàárọ̀ ló ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ nítorí iná tí kì í dúró sójú kan, ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́ igbe Màmá, ìyẹn sì ń dùn ún.

"Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ mú un wá," ni ó wí. "Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé."

Ó fi ìka tọ ìlà, ètè rẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

"Wọ́n ní àpótí funfun kan wà lára ògiri nínú ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ bi Màmá pé ṣé iná wà lára rẹ̀, kí ni iná náà sì ń ṣe."

Rẹ̀mílẹ́kún fẹnu kan ilẹ̀kùn, ó bi í. Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Pupa ni. Ó ń ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi. Ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Edith ṣí ojú ìwé kejì, ó sì kígbe, "Ó gbàgbé ni! Wọ́n ní bó bá ń ṣẹ́jú báyẹn, ẹ̀rọ náà ti gbàgbé rìmóòtù. Iná tó bá dé lójijì pẹ̀lú agbára lè ṣe é bẹ́ẹ̀."

Lukman sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, iná lọ, ó sì dé pẹ̀lú agbára tó fọ́ gílóòbù méjì ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Wọ́n ní láti tún kọ́ ọ ní rìmóòtù náà. Bọ́tìnì kan wà nínú ihò kékeré kan lábẹ́ àpótí yẹn. Ẹnì kan yóò fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí iná yóò fi di àwọ̀ ewé, yóò sì fi í sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí i, ẹni tó mú rìmóòtù lọ́wọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wà nínú ilé ni yóò ṣe ti bọ́tìnì náà. Ẹni tó sì wà nínú ilé ni ìyá arúgbó tí ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lọ, tí kì í fọwọ́ kan suwíìṣì fáànù, àfi kí ẹlòmíràn bá a tẹ̀ ẹ́.

"Iná tún lè lọ nígbàkígbà o," ni Lukman rọra wí. "Epo tí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀ yín, inú ibẹ̀ náà ló wà."

Rẹ̀mílẹ́kún fa píìnì kan yọ nínú irun rẹ̀, ó fi fún Lukman, ìyẹn sì sọ ọ́ sínú ilé láti orí àkàbà.

"Màmá, ẹ rí i?"

"Mo rí i. Kí ni kí n fi ṣe? Ṣé kí n fi dirun ni?"

Edith rẹ́rìn-ín tí kò mọ ìgbà tí ó rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mílẹ́kún ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ bí Màmá ṣe ń fọwọ́ tá ògiri lọ. Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ó pẹ́.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ti di àwọ̀ ewé."

Rẹ̀mílẹ́kún tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn kò mira.

"Ó ti padà sí pupa," ni Màmá wí. "Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti tàn kí n tó rántí pé kí n sọ fún ọ."

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti kọjá. Rẹ̀mílẹ́kún fi iwájú orí ti irin gbígbóná yẹn. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò sáyè.

"Màmá, ẹ tún bọ́tìnì náà tẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Bí ẹ bá ti rí àwọ̀ ewé, ẹ kàn gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kan péré."

"Ó dáa. Ẹyọ kan."

Gbogbo wọn dákẹ́. Edith di apá Rẹ̀mílẹ́kún mú. Lukman dúró lórí àkàbà, kò lè sọ̀kalẹ̀, kò lè gòkè.

Gbàà!

Rẹ̀mílẹ́kún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà dún kìn-ín nínú ilé. Ilẹ̀kùn gbọ̀n, ó mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká lọ sókè. Wọ́n kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ méjì tí èlùbọ́ bò, lẹ́yìn náà etí ìró, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó ṣì di píìnì irun mú. Màmá kò dúró kí ilẹ̀kùn ṣí tán. Ó tẹ̀ba, ó gba abẹ́ rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́.

"Voilà! Ó ti ṣí!" ni Edith kígbe, ó sì ń jó nílẹ̀ níbẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì gbígbóná, ó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún Màmá mú. Ẹkún tí kò rí àyè sun láti ìṣáájú ni ó wá ń sun. Màmá fi ọwọ́ lé e lórí.

"Dìde. Símẹ́ńtì yẹn á bó ọ lórúnkún. Dìde, fún mi ní àga."

Wọ́n gbé e jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò. Edith ń fẹ́ ẹ, Lukman gbé kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sí ẹ̀yìn ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Rẹ̀mílẹ́kún fi ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn apá Màmá: ó ga díẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó tún un wọ̀n: ó ti wálẹ̀ sí ibi tí ó máa ń wà. Ìgbà yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àga Màmá.

"Mo gbọ́ nígbà tí ò ń lọ," ni Màmá wí. "Mo ké. Ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ kó o gbọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí ooru yẹn wọ̀ mí lára, ṣó o mọ ohun tí mò ń rò? Mo ní bí mo bá kú síbí, wọn á ní ìyàwó ló tì í mọ́lé. Gbogbo Ayétòrò ló máa gbọ́ ọ, kò sì ní sí ẹni tó máa jẹ́rìí gbè ọ́. Ni mo bá jókòó jẹ́ẹ́ sídìí ilẹ̀kùn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé díẹ̀, mi ò lo agbára mi. Mo ní mi ò ní ṣe ìyẹn fún ọ."

Rẹ̀mílẹ́kún gbé orí lé itan ìyá náà, Màmá sì jẹ́ kó gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí Ọlágúnjú fi já wọlé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára, àwo iṣu ló bá ní iwájú ìyá rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè, kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ló ròyìn fún un, ó sì ròyìn rẹ̀ dáadáa: bí iná ṣe ń ṣẹ́jú, bí òun ṣe rí ihò, bí òun ṣe tẹ̀ ẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi rántí. Níbi tí ó ti yẹ kí ó sọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn, ó ní ilẹ̀kùn ló ti ara rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún la ẹnu láti sọ òótọ́ ibẹ̀.

"Èmi ni mo..."

"Bu omi wá, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Iṣu yìí fẹ́ há mi lọ́fun."

Ó dìde láti bu omi. Nínú kíṣìnì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Màmá láti ìta tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà pé kò gbọdọ̀ kó epo sínú ilé mọ́. Ohùn náà le, ó sì dá ṣáká. Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀, ó sì gbé omi jáde.