Èjìká Òsì

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ ketekete. Fóònù wà láàrín etí òsì àti èjìká òsì rẹ̀, níbi tó máa ń wà láràárọ̀, ṣùgbọ́n pínnì márùn-ún ló wà lẹ́nu rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀, tíṣà gíga kan, dúró lórí àpótí níwájú rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n fi pínnì di ìsàlẹ̀ ẹ̀wù tuntun òun yí ká. Ẹni tó kó pínnì sẹ́nu kì í sọ̀rọ̀, gbogbo aránṣọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè kùn "ùn" lóòótọ́, àmọ́ àbúrò rẹ̀ kórìíra "ùn". Ó ní ìdáhùn ewúrẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ bá sọ nínú ara rẹ̀ pé kí òun fi mẹ́ta yìí há a ná, òun á wá dá a lóhùn dáadáa. Ó fi ẹyọ kan há a, ó fi èkejì há a. Kó tó kan ẹ̀kẹta, fóònù ti dákẹ́.

Ó pè padà. Ó dún dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Tíṣà bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó ní òun á padà wá, ó lọ. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ àbúrò rẹ̀ pè láti ìlú tí wọ́n ń gbé. Ọkùnrin náà kò tíì la ẹnu tán tí Abẹ́rẹ́ fi jókòó sílẹ̀.

Bàbá wọn ló fún wọn lórúkọ ìnagijẹ yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Èyí ẹ̀gbọ́n kì í jókòó jẹ́ẹ́, ibikíbi tó bá sì forí lé, àbúrò á tẹ̀ lé e gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọọrọ. Ni bàbá bá ń pe ẹ̀gbọ́n ní Abẹ́rẹ́, ó ń pe àbúrò ní Òwú. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Ta ló tún fẹ́ jiyàn ìyẹn? Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Òwú, Abẹ́rẹ́ kò sunkún bí àwọn èèyàn ṣe retí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé òwú ti ṣáájú o, abẹ́rẹ́ ló kù sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì ṣófo.

Ọdún kan gbáko ni Òwú fi wà lórí ibùsùn. Ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́. Bó bá rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, á mí bí ẹni sáré ìje. Láràárọ̀, tí ọkọ rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, èémí á tán nínú Òwú, á wá ní: "Ẹ máa ránṣọ yín lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ti tó mi." Abẹ́rẹ́ á fi èjìká di fóònù mú, á máa wa ẹ̀rọ lọ fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Kò jẹ́ tẹ sípíkà fóònù náà kó sì gbé e sílẹ̀, nítorí sípíkà ń sọ ohùn Òwú di ohùn inú agolo. Ó fẹ́ ẹ létí. Nígbà mìíràn kò ní gbọ́ ju bí èémí ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ, ìyẹn náà sì tó o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni òòyì dé. Kì í ṣe irú èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n bá ń pòòyì, tí wọ́n á ṣubú, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èyí máa ń yọ́ wọlé ni. Abẹ́rẹ́ á wà nídìí ẹ̀rọ, á kàn rí i pé ògiri ti ń rọra lọ sápá kan bí ọkọ̀ ojú omi tó ń kúrò ní èbúté. Tó bá dìde, ilẹ̀ á rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi tìmùtìmù, èébì á máa gbé e, á di ògiri mú títí á fi dé orí bẹ́ǹṣì.

Àwọn èèyàn ní ìbànújẹ́ ni, kó fara balẹ̀. Ó fara balẹ̀ fún oṣù méjì, òòyì kò fara balẹ̀. Dókítà kan yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní etí ò ní àléébù. Òmíràn yẹ ojú wò, ó fún un ní gíláàsì. Gíláàsì náà sì jẹ́ kó rí ògiri tó ń lọ yẹn kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta gba ẹ̀jẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ pé. Ẹnì kẹrin ló tó fọwọ́ kan ọrùn.

Ọmọbìnrin kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ni kó máa fọwọ́ tún iṣan àti oríkèé àwọn aláìsàn ṣe. Kò ga, kò tóbi, ṣùgbọ́n Ọwọ́-Irin ni àwọn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ń pè é. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì ọrùn Abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yàrá náà sì yí bìrí. Ó ní ibẹ̀ ni. Ó ní iṣan náà ti le bí okùn tí wọ́n fi so màlúù mọ́lẹ̀, òun ló sì ń purọ́ fún orí: ojú á sọ pé ara dúró ṣánṣán, iṣan ọrùn á sọ pé ó ti tẹ̀, orí ò ní mọ ẹni tí òun á gbà gbọ́, ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Mà, kí lẹ̀ ń fi èjìká yìí gbé?"

"Mi ò gbé nǹkan kan, ọmọ mi."

Ọwọ́-Irin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó bi í bóyá báàgì ni, bóyá ọmọ-ọmọ ni, bóyá ó máa ń fi èjìká di fóònù mú. Abẹ́rẹ́ ní òun ń di fóònù mú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti ṣíwọ́, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti ṣíwọ́ kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọmọbìnrin náà fa ìlà pa fóònù rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó ní kó jókòó bí ẹni tó ń ránṣọ kí òun wò ó. Abẹ́rẹ́ jókòó, ó nawọ́ síwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lásán nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ náà, ọrùn rẹ̀ sì tọ́ bí òpó. Kò sí àléébù níbẹ̀ náà.

Ìdí tó fi ṣíwọ́ fóònù, kò sọ ọ́. Ìbéèrè ìkẹyìn tí Òwú bi í lórí fóònù pẹ̀lú, èyí tí kò rí ìdáhùn, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ọwọ́-Irin á po ọrùn náà bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ọrùn nílé, Abẹ́rẹ́ á jáde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ara á dá. Tó bá ti padà sídìí ẹ̀rọ, ògiri á tún gbéra.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, irú èèyàn tí kì í rí àga tó ń mì kó má dojú rẹ̀ délẹ̀ wo ìdí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí pákó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sàmì sí ọjọ́ tí òòyì bá kọ́ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pákó náà sọ̀rọ̀: lọ́jọ́ Àìkú, kò sí àmì, lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ bá ń gé aṣọ nìkan, kò sí àmì, lọ́jọ́ tó bá wa ẹ̀rọ, àmì ni ṣáá. Ọkọ ní a ti rí ọ̀daràn náà mú. Ó gbé tábìlì ẹ̀rọ ga, kò gbọ́. Ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò gbọ́. Ó tún fi pákó gbé e ga, ó kan àga tuntun tó ní ìgbẹ́yìnlé. Abẹ́rẹ́ ní pẹ̀lú bí tábìlì yìí ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ yìí, kó kúkú ra bàtà fún un. Ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà omi náà kò tètè dá.

Àwọn oníbàárà náà ń ṣàánú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀tún Abẹ́rẹ́ ló kọ sí ẹnu ọ̀nà, ògiri ló wà lósì rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, yàtọ̀ sí àárọ̀ tí òun àti Òwú bá wà lórí fóònù, ẹni tó bá ń bọ̀ á ti máa pariwo kí i láti òpópónà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Òwú ti kú, wọ́n ń yọ́ wọlé bí ẹni wọ ilé ìkàwé. Wọ́n á kàn nawọ́ sókè, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́. Abẹ́rẹ́ mọrírì rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn èèyàn àdúgbò yìí mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣọ̀fọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ó dìde nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́, ilẹ̀ sì fà á. Áyọ́ọ̀nù balẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sí ojú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, kò mú ṣọ́ọ̀kì rárá. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni mo fẹ́, Abẹ́rẹ́, kì í ṣe aṣọ. Jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn máa lọ."

Ó gbà. Kí ló kù tí wọn ò tíì dán wò? Ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan ní òpópónà kejì ní àwọn á wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún kọ́ ló ń dùn ún. Ohùn ẹ̀rọ yẹn ni ohun ìkẹyìn tí Òwú ń fẹ́ gbọ́ ní ayé yìí. Bó bá lọ, kò sí ohun kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tí Òwú fetí sí rí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ẹ̀wù tíṣà ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà lórí ìṣó, pínnì ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú mìíràn lọ́sẹ̀ kejì, òun náà kò sì béèrè ẹ̀wù mọ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ kì í kógbá sílé kó fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó wá gba ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kó ṣọ́ọ̀bù palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó ń dìde. Ó tú kọ́tìnnì tó bo igun tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, ó ká a, ó kó o sínú báàgì. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì àti téèpù. Lẹ́yìn náà ló sọ ẹ̀wù kalẹ̀ lórí ìṣó, ó jókòó, ó sì fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ fún ìgbà ìkẹyìn.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ etí ẹ̀wù náà lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi tí pínnì wà, á yọ ọ́, á fi sẹ́nu, á máa lọ. Nígbà tó yí etí ẹ̀wù náà po tán, pínnì ti kún ẹnu rẹ̀, ògiri sì ti ń gbéra. Ó já òwú. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà ni. Kò mọ ìgbà tó wọlé.

Tíṣà kí i kú iṣẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tí òun ti dé, òun rí i pé ó wà lórí fóònù ni òun ṣe rọra jókòó, kí òun má baà já lu ọ̀rọ̀ wọn.

"Ṣé àbúrò yín yẹn náà ni? Ọjọ́ tí ẹ ń wọn ẹ̀wù yìí sí mi lára, òun náà lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ bá mi kí i."

Pínnì wà lẹ́nu Abẹ́rẹ́. Kò yí ọrùn padà, ojú nìkan ló gbé, ó sì rí fóònù rẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tábìlì náà, níbi tí kọ́tìnnì máa ń bò, dígí gíga tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn dúró ní ìhòòhò, ó kọjú sí i.

Obìnrin kan jókòó nínú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí òsì, èjìká òsì rẹ̀ gòkè wá pàdé rẹ̀. Láàrín etí àti èjìká náà, àyè kékeré kan wà tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, ó ṣe rẹ́gí fóònù kan, obìnrin náà sì fún un mọ́ra pinpin, kó má baà bọ́.