Ó Ń Relé

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ẹni tó bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé, nǹkan kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ń bò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá Fèrè kọ́kọ́ ráyè fa kọ́kọ́rọ́ yọ, kó tún ti ilẹ̀kùn náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilẹ̀kùn ilé sinimá àtijọ́ ni. Lónìí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ ṣí i gẹ́gẹ́ bí gbọ̀ngàn eré ìdárayá; lónìí náà ni ọ̀gá àgbà yóò kéde ẹni tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀. Ọ̀gá Fèrè, olùkọ́ eré ìdárayá tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní bó bá lọ kí olókùú, ti mọ ẹni náà. Òun ni. Nígbà tí Ìyá Ìtàn, olùkọ́ ìtàn, ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé àtayébáyé yìí, ta ló dìde nípàdé?

"Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí! Kò sí fíìmù tí wọ́n fi hàn níbẹ̀ tí n kò jókòó wò. Ta ló fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀: ẹ̀rù ń bà á pé Ìyá Ìtàn lè dẹ pàkúté fún un. Páńsá kò fura, páńsá jáná. Káfíńtà bi í bóyá kí wọ́n wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú sí kí wọ́n tó to pákó; ó ní ọkùnrin náà fẹ́ fa iṣẹ́ gùn ni.

"Ilẹ̀ tí mo ti ń sáré lórí ẹ̀ láti kékeré?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀gá." Káfíńtà to pákó rẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí.

Bí ọ̀dà ṣe gbẹ, Ọ̀gá Fèrè ti ibẹ̀ pa. Kò jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù pàápàá wọlé dán an wò.

"O ò mọ Ìyá Ìtàn," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀rín ẹ̀ ti pọ̀ jù láti ìjẹta."

"Bóyá eyín ẹ̀ ló fẹ́ ká rí."

Nígbà tí èrò kún inú gbọ̀ngàn, tí àwọn àgbàlagbà ń wo ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà tó wà lára àjà bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀, Ọ̀gá Fèrè gbé bọ́ọ̀lù tuntun sí àárín ilẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn. Ó fi fèrè sẹ́nu, ó ń dúró de ayafọ́tò.

Bọ́ọ̀lù náà dúró díẹ̀, bí ẹni ń ronú. Ó yí. Ó tún yí. Ó kọjú sí ògiri iwájú, níbi tí aṣọ sinimá wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá Fèrè sáré gbé e padà, ó rọra fi í lélẹ̀ bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ. Bọ́ọ̀lù tún gbéra, kò kánjú.

Ọ̀gá Fèrè wá okùn tí ẹnìkan fi ń fà á, kò rí. Ó wo fèrèsé, bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ó wo Ìyá Ìtàn: obìnrin náà gbọ́wọ́ lé itan, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Àfi ohùn bàbá arúgbó kan láti ẹ̀yìn: "Ó ń relé o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn: "Jẹ́ ó máa lọ!" Wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gìdì-gìdì. Ọ̀gá àgbà pàápàá, tòun ti kóòtù lọ́rùn, ń kilẹ̀.

Wọ́n ti gbìmọ̀! Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níwájú ti bọ́ bàtà kó lè ráyè kilẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá Fèrè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí.

"Ta ló kọ́ yín? Ìyá Ìtàn ni, àbí?"

"Kọ́ wa ní kí ni?" Ó ń nu omijé ẹ̀rín. "Bàbá Ìbejì, ìgò wo ló bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lẹ́yìn ibí rí tí kò yí dé iwájú? Kí ará ẹ̀yìn lè ríran kọjá orí ará iwájú ni ilẹ̀ ẹ̀ fi rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ìgò bá ti ń yí, gbogbo wa la máa ń pariwo ẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà..." Ẹ̀rín rọra kúrò lójú rẹ̀. "Àbí?"

"Ọ̀gá Fèrè!" ọ̀gá àgbà ké. "Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, ẹ ké 'Ó ń relé' fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó tún fi fèrè sẹ́nu.

Bọ́ọ̀lù ti fara ti ògiri iwájú. Lẹ́yìn ògiri yẹn, ní ìta, ni Ọ̀gá Fèrè máa ń dúró sí ní kékeré, tí yóò lẹ etí mọ́ ọn gbọ́ fíìmù, kó lè rí nǹkan sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò wọlé rí, títí di ọjọ́ tí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́.