Mọ́tò Tí Kò Ní Kílọ́ọ̀ṣì

Láti Oṣòdì títí dé Ìjù, bí lọ́ọ̀rì bá ti ń ké nínú jíà, ọ̀dọ̀ Làsísì ni wọ́n máa ń wọ́ ọ lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà Agége, lábẹ́ igi ọdán ńlá kan níbi tí títì ti ń ya sí Ìkẹjà. Làsísì kì í tú mọ́tò kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Á ní kí awakọ̀ gbé e rìn díẹ̀, á dẹtí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́, lẹ́yìn náà á ní, “Eyín jíà kejì ló ti jẹ,” tàbí, “Kílọ́ọ̀ṣì ẹ ti tán.” Bí wọ́n bá tú u, bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ni wọ́n á bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Làsísì Oníjíà, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Lọ́dún tí katapílà ń wó igbó lulẹ̀ ní Ìkẹjà kí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀, mọ́tò kan yọ lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ igi ọdán sì dìde wò ó. Mọ́tò sípọ́ọ̀tì ni, asáré tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ tutù bí ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó sì ń dán débi pé èèyàn lè fi í ṣe dígí. Ṣùgbọ́n kò sáré rárá. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń tì í, òógùn bo gbogbo wọn. Obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló jókòó nídìí sítíárì, ó we ìbòrí funfun, ó sì gbórí sókè bí ẹni pé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa gbé òun kiri nìyẹn.

Àlájà Ràbíátù ni, olówò obì ní Agége. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ káàárọ̀ o, Àlájà,” Làsísì kí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

“Káàárọ̀, Làsísì. Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Oníjíà? Mọ́tò yìí fẹ́ sọ mí di ẹni ẹ̀sín lójú ayé.”

Ó wá ròyìn. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí wọ́n sọ mọ́tò náà kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń lọ wẹ́rẹ́ bí ẹní ń da oyin. Nígbà tó yá, ó kọ̀, kò padà sẹ́yìn mọ́. Àlájà wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ ronú kó tó yà síbikíbi, torí ibi tó bá wọ̀ tí kò sí ọ̀nà àbájáde níwájú, wàhálà dé nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwọn tó wá kírun ló bá a gbé e jáde nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Láàárọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Bó ṣe fẹ́ gun gegele ojú irin ní Agége, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí wọ́n ń nà, ṣùgbọ́n mọ́tò dúró sójú kan.

“Onígéètì rélùwéè ń ké mọ́ mi, rélùwéè ń fọn fèrè lọ́nà Ìjù, èmi náà ń tẹ tọ́tù. Àwọn alábàárù mi ló sáré wá tì mí kúrò. Ọlọ́run ló yọ mí.”

Làsísì bẹ ojú wo abẹ́ sítíárì. Ó rí bíréèkì, ó rí tọ́tù tí mọ́tò fi ń sáré. Ó wá ẹ̀kẹta, èyí tí ẹsẹ̀ òsì máa ń tẹ kí jíà tó yí, kò rí i.

“Àlájà, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dà?”

“Kò ní. Fúnra ẹ̀ ló ń yí jíà.”

Làsísì ti gbọ́ pé irú rẹ̀ wà lókè òkun, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Àlájà. Ó ní kí wọ́n tì í wá sábẹ́ ibòji, kí Àlájà fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta.

Bí obìnrin náà ti lọ, ó ṣíná mọ́tò, ó dẹ etí tó gbójú lé sílẹ̀. Ohun tó gbọ́ kò jọ ohun tó gbọ́ rí. Kò sí eyín tó ń jẹ ara wọn, kò sí ohun tó ń kan nǹkan. Ariwo tín-ín-rín kan ló ń jáde nísàlẹ̀, bíi ti ọmọ ológbò tí ebi ń pa. Etí rẹ̀ kò rí ohunkóhun dì mú. Ó pa iná, ó fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà náà yọ, ó wò ó. Ọ́ìlì dé ojú àmì. Bí kì í bá ṣe ọ́ìlì, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan ti fọ́ nínú lọ́hùn-ún. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ń wọlé tó ń jáde lábẹ́ mọ́tò náà, ẹ̀rù sì ń bà á láti tú u, nítorí pé ohun tí èèyàn kò bá mọ bí wọ́n ṣe tò ó, bí èèyàn bá tú u, eré ló ń ṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àlájà dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́. Làsísì gbé àga fún un, ó sì sọ ohun tó ti rò sílẹ̀.

“Àlájà, mo rò pé ká yọ jíà yìí dànù. Mo ní jíà mọ́tò kan tó dáa, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ pé. Tí mo bá gbé e wọ̀ ọ́, ẹ ò ní í ní wàhálà mọ́ títí ayé.”

Àlájà tẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Àpá kan wà níbẹ̀ láti orúnkún dé kókósẹ̀, ó fẹ̀ bí ìka méjì.

“Jẹ́bbà ni mo ti rí èyí. Lọ́ọ̀rì ṣubú, orí àpò obì ni mo jókòó sí. Láti ọjọ́ náà, orúnkún yìí kò ká mọ́. Kò lè tẹ nǹkan kan.” Ó dá ìró padà. “Ogún ọdún ni mo fi gun orí ẹrù, Làsísì. Èrò lọ́ọ̀rì, ẹni tí dírẹ́fà á ní kó sọ̀, kó gùn, kó dúró de òun. Mo wá ṣèlérí fún ara mi pé bí Ọlọ́run bá ti gbà fún mi, màá ra mọ́tò kan tí kò ní í gba àpò obì kan ṣoṣo, èmi ni màá sì máa wa ara mi. Ọdún méjì ni mo fi ń béèrè kí n tó gbọ́ pé mọ́tò aláìní-kílọ́ọ̀ṣì wà. Tó o bá fi kílọ́ọ̀ṣì sí i báyìí, dírẹ́fà ni mo tún gbọ́dọ̀ gbà nìyẹn. Á padà di pé kí n máa dúró de ẹnì kan.”

Ara Làsísì tutù. Ó wo mọ́tò náà, ó wo ọ̀pá tó wà nílẹ̀. Òun tó ń rò pé ìgbéraga olówó ló mú kí obìnrin náà ra nǹkan ẹlẹ́wà yìí!

“Mi ò mọ̀, Àlájà. Ẹ má bínú.” Ó wá mí kanlẹ̀. “Kí n má parọ́ fún yín, mi ò mọ mọ́tò yìí. Ṣùgbọ́n màá mọ̀ ọ́n.”

“Ìwé kan wà nínú àpótí iwájú ẹ̀,” ni Àlájà wí. “Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ò lè kà á.”

Làsísì náà kò lè kà á. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọ wà lẹ́yìn igi ọdán, níbi tí Fàúsát, ọmọ rẹ̀, ti ń kàwé, ó sì mọ Tíṣà ọmọ náà dáadáa. Rachael ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń la ògiri kọjá. Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Làsísì lọ bẹ̀ ẹ́. Rachael gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó bá a wá, ó sì jókòó lórí àga lọ́ọ̀rì àlòkù kan, ìwé náà lórí itan rẹ̀.

“Bàbá Fàúsát, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ọ́ìlì.”

Rachael ṣí i títí, ó rí i. Ó ka èdè òyìnbó náà sínú, ó sì ń rọra tú u bí ẹni ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. “Kí a fi ọ̀pá jíà sí ipò… ipò àìdásí tọ̀tún tòsì…”

“Fírì lẹ ń wí, Tíṣà.”

“Fírì náà ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí a fi sí fírì. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná. Kí a wọn ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú.”

Làsísì dìde. “Ẹ tún un kà.”

Ó tún un kà. Làsísì ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo mọ́tò tó ti ń tún ṣe láyé rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú ni wọ́n ń wọn ọ́ìlì wọn. Ó lọ ṣíná mọ́tò Àlájà, ó jẹ́ kó gbóná, ó sì fa géèjì yọ bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣóńṣó ìdí géèjì nìkan ló rin díẹ̀. Gbogbo òkè rẹ̀ gbẹ.

“Háà!” ló wí. “Ọ́ìlì ò sí nínú ẹ̀! Tíṣà, ẹ wá wò ó. Bíi kànga ló rí. Láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rò pé omi kún inú ẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ilé bá ń pọn ọ́n lọ́wọ́ lẹ ó tó mọ ìyókù. Tí mọ́tò yìí bá sùn, ọ́ìlì á sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀, á jọ pé ó pé. Tó bá jí, á gbé e sókè, kò sì ní í tó o.”

Ṣùgbọ́n níbo ni ọ́ìlì ń lọ? Ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò kò ní àbàwọ́n. Làsísì fi igi dí táyà, ó sì sùn sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fi àkísà funfun nu ohun gbogbo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rí páìpù kan tí kò nípọn ju ìka lọ, èyí tó ń gbé ọ́ìlì láti inú jíà lọ sínú rédíétọ̀ kó lè tutù. Páìpù náà ti tẹ̀ wọnú níbì kan bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n fún un, bóyá ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de mọ́tò náà mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Lójú ibi tó tẹ̀, ọ́ìlì ń yọ bí òógùn, ó ń ṣàn lọ sórí irin tó gbóná, ibẹ̀ ló ń jó dànù sí kí ó tó kan ilẹ̀.

Rachael tó dúró lókè gbọ́ tí ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ mọ́tò.

“Kí ló dé, Bàbá Fàúsát?”

“Páìpù ni! Páìpù lásán! Mo mọ páìpù!”

Lọ́jọ́ kejì, ó mú páìpù bàbà kan, ó rọ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kún inú rẹ̀ kó má baà tẹ̀ nígbà tó bá ń ká a, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi rí bíi ti àtijọ́. Ó da iyẹ̀pẹ̀ nù, ó fi bẹntiróòlù fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi í rọ́pò èyí tó ń jò. Rachael kọ orúkọ ọ́ìlì tó wà nínú ìwé náà sórí bébà, Àlájà sì ránṣẹ́ lọ wá a ní Àpápá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, agolo dé. Ọ́ìlì inú rẹ̀ pupa fòò bí omi poroporo ọkà bàbà.

Kó tó dà á, Làsísì lọ dúró níwájú Àlájà.

“Àlájà, mo bẹ̀ yín. Èmi ni mo ní kí ẹ yọ jíà yìí sọnù. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ohun tó dáa ni mo fẹ́ gé dànù.”

“Ẹni méjì ni mo kọ́kọ́ lọ bá kí n tó wá sọ́dọ̀ rẹ. Ohun tó o sọ náà ni wọ́n sọ. Kò sí èyí tó padà wá bẹ̀ mí nínú wọn.” Àlájà na ọ̀pá sí agolo náà. “Dà á, jàre.”

Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dà á, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń wọ̀n ọ́n, ó tún ń dà á. Ariwo ọmọ ológbò yẹn ń rọlẹ̀, títí tó fi dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí ọ́ìlì dé ojú àmì, ó ṣílẹ̀kùn fún Àlájà, Àlájà sì wọlé, ó fa ọ̀pá jíà sí ìpadàsẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ igi ọdán na ọrùn wò ó. Mọ́tò náà mi orí díẹ̀ bí ẹni tó gbà láti ṣe nǹkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fẹ̀yìn rìn.

“Ó ń padà o!” ẹnì kan kígbe.

Àlájà kò dúró. Ó fẹ̀yìn rin yí igi ọdán ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ìbòrí rẹ̀ ń fẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Lẹ́yìn náà ló ní kí Làsísì wọlé, ó di ojú irin Agége. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ gegele náà, Làsísì rí i pé ẹsẹ̀ òsì òun ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò léraléra, ó ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀. Mọ́tò náà kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí jíà fúnra rẹ̀, ó gun òkè náà láìmí gúlegúle, ó sì sọ̀ sí ìhà kejì. Onígéètì rélùwéè ju ọwọ́ sí wọn.

Láti ìgbà náà ni Rachael ti ń wá sábẹ́ igi ọdán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé. Làsísì ní òun fẹ́ mọ̀wé kà, ojú kò sì tì í bí àwọn dírẹ́fà ti ń wò ó tó ń pe lẹ́tà. Kí ọyẹ́ tó dé, mọ́tò aláìní-kílọ́ọ̀ṣì méjì mìíràn ti wá bá a láti ìhà pápákọ̀ òfúrufú.

Nígbà ọyẹ́ náà, Àlájà dá wa ara rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta láti lọ kí Kúbúrá, àbúrò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó padà dé, ọ̀dọ̀ Làsísì ló kọ́kọ́ yà sí.

“Kúbúrá jáde, ó kí mi, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn mi kiri. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní, ‘Dírẹ́fà yín dà, ká fún un lómi mu?’ Mo ní, ‘Bu omi náà wá, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́!’”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìbòrí nu ojú. Làsísì náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kó má tíì pa iná. Ó sùn sábẹ́ mọ́tò, ó fi ìka tọ páìpù bàbà náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Eruku ọ̀nà Abẹ́òkúta nìkan ló bá ìka rẹ̀ jáde, kò sí ọ́ìlì. Ó gbẹ.