Ẹsẹ̀ Kẹrin Ẹṣin Mọ́gàjí

Mo lá àlá kan lánàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í ṣe lóru o. Lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán ni, nígbà tí mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó ti jáde báyìí.

Ẹ mọ fọ́tò ẹṣin dúdú tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi. Bàbá mi, Sálíù Ayàwòrán, ló yà á, ó sì kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Gbogbo Ìlọrin ló yà, ẹnikẹ́ni ò ya òun. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Fọ́tò yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹṣin náà ní nínú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí o bá ya èèyàn tí o gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mọ́gàjí tó ni ẹṣin wò ó, ó ní, "Sálíù, ẹṣin mi kì í ṣe arọ," ó sì dá a padà.

Nínú àlá, ẹṣin náà sọ̀ kalẹ̀ láti inú férémù, ó jókòó sórí àga mi, ó gbé pátákò lé orúnkún bí àgbàlagbà tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Ọmọ Sálíù," ó ní, "ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró. Ó ti rẹ̀ mí. Bí n kò bá rí ìkẹrin lónìí, mo ń lọ sílé mi nìyẹn."

Mo wo férémù. Ibi tó ti dìde ti ń funfun díẹ̀díẹ̀. Bí ẹṣin bá lọ, bàbá mi lọ tán nìyẹn.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ wá a."

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wá ẹsẹ̀ tó sọnù ń léfòó lójú sánmà lórí òkè Sóbí. Fíìmù gígùn kan ni wọ́n sọ sísàlẹ̀ fún wa, ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ la sì fi ṣe àtẹ̀gùn. Ẹṣin ló ṣíwájú, torí ọ̀wọ̀.

Ta la bá nídìí tábìlì? Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ní bàbá mi máa ń fi sápò, kò ju agolo sàdíìnì lọ, ó dé fìlà.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà mi."

Àwọn kámẹ́rà alápòótí ńlá tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, oníkálukú lórí ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, aṣọ dúdú bò wọ́n lórí bí ẹlẹ́hàá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Àwọn wọ̀nyí ò lè lọ síbì kan láìsí alááru," kámẹ́rà kékeré ní. "Ẹranko tí wọ́n bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ dúró bí òkúta. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ní Jámánì, tí èémí rẹ̀ kì í tó o láti ru àpótí gun òkè, mú fíìmù sinimá, ó fi ṣe irú mi. A wọ àpò. Àtìgbà yẹn ni èèyàn ti lè ya ẹṣin tó ń rìn bọ̀ wá bá a."

Mo wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ìlú wà lábẹ́ wa, ó ń hàn díẹ̀díẹ̀ bí fọ́tò tó ṣì wà nínú omi. Ẹ̀rù bà mí, ó sì dùn mọ́ mi.

Akọ̀wé mẹ́ta gbé fáìlì ẹṣin jáde. Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Ta ló yà á?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ibo ló dúró sí?"

"Kò sí nínú fọ́tò, sà."

"Bí kò bá sí nínú fọ́tò, a jẹ́ pé kò wá síbẹ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló di ewúrẹ́. Àwọn yòókù náà di ewúrẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì wa. N ò bá wọn wí, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ti tó.

Ẹṣin yíjú sí mi. "Má dá wọn lóhùn. Bàbá rẹ wá. Ó máa ń fún mi ní ìrèké, òun ni mo ń lọ bá lọ́jọ́ náà. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ibi tí mo gbé e sí sì tutù."

Mo fẹ́ bi í bí ojú bàbá mi ṣe rí, ni mo bá ń gbọ́ tí nǹkan kan ń ya bébà. Mo lajú. Ewúrẹ́ Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa, ti ti orí bọ ojú fèrèsé mi, ó ń jẹ kàlẹ́ńdà tó wà lórí ìṣó kan náà pẹ̀lú férémù. Ibi tó ti ń fà á ló ti fa férémù já sórí bẹ́ẹ̀dì, sínú oòrùn.

Ẹṣin wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun. Mo wo ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ kẹrin wà. Dúdú ni. Láti kékeré ni mo ti rò pé àbàwọ́n ni. Mo fi ìka tọ etí dúdú náà láti ìsàlẹ̀ fọ́tò lọ sókè. Mo bá èjìká méjì. Mo bá ìgbọ̀nwọ́ méjì tó yọ síta, bíi ti ẹni tó gbé nǹkan kékeré kan sójú. Mo bá fìlà. Inú òjìji yẹn ni ẹṣin dúdú náà gbé ẹsẹ̀ sí.

Ewúrẹ́ ṣì ń jẹ oṣù Kejìlá lọ. N ò lé e. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí yìí.

Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá."