Ọkùnrin Inú Gẹ̀gẹ̀ Àǹtí Adéọlá

"Ọkùnrin wo ló wọ inú ọ̀fun obìnrin?"

Pròfẹ́sọ̀ Akíntóyè fọwọ́ lu tábìlì, ife tíì rẹ̀ mì jìgìjìgì. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì kéékèèké ṣù jọ bí ìràwọ̀, gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, àfi ẹ̀kúnwọ́ kan láàárín tó pọ́n bí epo. Ọmọlará tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń ta á. Gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n gé lọ́rùn Àǹtí Adéọlá, àbúrò bàbá rẹ̀, ló wà níwájú wọn yẹn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, ti di yíyà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó pọ́n yìí kì í ṣe ti obìnrin. Jíìnì, àmì àjogúnbá, tí ọkùnrin nìkan ń ní ni wọ́n ń ké síta.

"Gbémiga." Pròfẹ́sọ̀ kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́; ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ìwọ nìkan lọkùnrin tó fọwọ́ kan ẹran yìí. O ò wọ ìbọ̀wọ́, sẹ́ẹ̀lì ara tìrẹ ló dà pọ̀ mọ́ ọn."

"Mo wọ̀ ọ́, sà. Mo wọ méjì léra."

"Ṣé iwin ló wá tutọ́ sí i ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wò ó dáadáa. Ìdajì àmì ara wọn bá ti obìnrin náà mu. Tèmi ò bá a tan rárá. Ọmọ ló ń jọ ìyá báyẹn. Bí obìnrin bá lóyún, sẹ́ẹ̀lì ọmọ a máa ṣẹ́ kù sára ìyá, a sì máa pẹ́ níbẹ̀."

"Obìnrin tí kò lóyún rí? Ọmọlará, ìwọ lo mú un wá. Ó lóyún rí?"

"Rárá, sà." Kò tilẹ̀ rò ó.

"Ó parí. Kí oòrùn òní tó wọ̀, Gbémiga, kó ẹrù rẹ."

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá ìwádìí yẹn ní Àkúrẹ́ kò ṣòroó ṣàlàyé fún Ọmọlará. Bí àwọn ará ìjọ bá bi í, oríkì ló fi ń júwe rẹ̀. Ó máa ń sọ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló mọ oríkì ilé délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ a mú ẹsẹ tirẹ̀ ké, ọkàn a mú tirẹ̀, awọ a mú tirẹ̀. Ohun tí kálukú ń ké la fi ń dá a mọ̀. Ẹnu Àǹtí Adéọlá ló ti kọ́ oríkì, torí Àǹtí ló tọ́ ọ dàgbà. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, Àǹtí a ki Ọmọlará, a ki bàbá rẹ̀, a wá kọjú sí fèrèsé, a fi Àkànní kan parí rẹ̀: "Àkànní, a-wọlé-má-fọhùn." Kò sí Àkànní kankan nínú ilé. Ọmọlará gbà pé bàbá ńlá kan tó ti kú tipẹ́ ni.

Ó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò nígbà tí Gbémiga sáré bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bi wọ́n?"

"Bi ta?"

"Àǹtí yín. Ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n lóyún rí?"

Ọmọlará fi ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀hún nílùú Òǹdó. Nọ́ọ̀sì ti bèèrè: "Mọ́mì, oyún mélòó lẹ ti ní rí?" Kí Àǹtí tó mí, òun ti já ọ̀rọ̀ gbà: "Wọn ò bímọ." Àánú ló pè é. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Àǹtí kàn yíjú sí fèrèsé ni. Òun rò pé ìtìjú ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ yìí.

Títí ó fi kọjá Ọ̀wẹ̀nà lójú ọ̀nà Òǹdó, àdúrà kan náà ló ń gbà: Olúwa, bá mi fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu.

Ní àdúgbò Yaba, nílùú Òǹdó, Àǹtí Adéọlá ń tú kòkó tó sá sí àgbàlá, ó wé ìborùn mọ́ ojú àpá ọrùn rẹ̀.

"Ọmọlará! Ṣé kò sóúnjẹ ní Àkúrẹ́ mọ́ ni? Wo ọrùn ẹ bí ọrùn adìẹ ìyàn! Tèmi tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ kúrò ńbẹ̀ ṣì ki ju tìẹ lọ."

Ọmọlará kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ǹjẹ́ ẹ lóyún rí?"

Kòkó ọwọ́ Àǹtí ń já bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Adìẹ kan wá, ó ń ṣa á jẹ, Àǹtí ò lé e.

"Ta ló sọ fún ọ? Ìyá mi ti wà nínú sàárè. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́, Àǹtí. Ara yín ló sọ ọ́. A rí i nínú gẹ̀gẹ̀ yẹn. Ọkùnrin."

"Ọkùnrin ni," Àǹtí dáhùn, bí ẹni pé nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lóhùn.

Ó jókòó gbàà sórí kòkó. Ó ní ìlú Ìjàrẹ lòun ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, òun kò tíì wọlé ọkọ. Oyún pé oṣù méje, ó bí i, ọmọ ò ké. Ìyá rẹ̀ tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, kò jẹ́ kí Àǹtí gbé e. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, kò sí ilé ọkọ tí yóò gbà á.

"Mo gbọ́ràn. Mo lọ́kọ, n ò rí oyún mọ́. Wọ́n pè mí lágàn títí ọkọ fi fẹ́ ẹlòmíì, mo dákẹ́. Ọmọ tí mo ti sẹ́, báwo ni màá ṣe wá fi í gbèjà ara mi?"

Lójijì, ojú rẹ̀ là. Ó gbá Ọmọlará lápá mú.

"Dúró ná. Inú gẹ̀gẹ̀ yẹn ló wà. Ẹ sì ti gé e? Ẹ ti gé e sọnù?"

Gbogbo ìwé tí Ọmọlará kà, kò sí ọ̀kan tó bi í ní ìbéèrè yìí rí.

"Rárá o, Àǹtí. Kì í sábà jókòó sójú kan. Lára àwọn ìyá mìíràn, wọ́n ti rí i nínú ọkàn, wọ́n ti rí i nínú ẹ̀dọ̀. N ò lè búra nípa tiyín, torí n ò tíì wò ó. Ṣùgbọ́n n ò rò pé gẹ̀gẹ̀ nìkan ló wà."

Àǹtí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí abiyamọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ tó sùn ń mí.

Fóònù dún. Gbémiga ni. Ọmọlará ṣàlàyé fún Àǹtí pé wọ́n ní ọmọkùnrin náà fọwọ́ ba gẹ̀gẹ̀ yẹn jẹ́, wọ́n sì fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ má sọ nǹkan kan," ni Ọmọlará yára wí. "Màá wá ọgbọ́n mìíràn dá."

"Ọgbọ́n wo? Kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí tèmi?" Àǹtí ti gba fóònù. "Gbémiga? Ó dáa, gbé e fún ọ̀gá yín." Ó dúró. "Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo ni gẹ̀gẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀, kì í ṣe òun. Ọmọ mi ni."

Àǹtí gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Mo ní ọmọ mi ni."

Ó dá fóònù padà, ó lé adìẹ, ó tún tẹ̀ síwájú nídìí kòkó. Lábẹ́ ohùn ló bẹ̀rẹ̀ oríkì, bíi ti àwọn àárọ̀ ọjọ́sí. Ó ki Ọmọlará, ó ki bàbá rẹ̀. Ọmọlará bọ́ bàtà, ó bá a tú kòkó, ó sì ń gbè é bó ti ń gbè é láti kékeré, láìronú, títí wọ́n fi dé ìdí rẹ̀.

"Àkànní, a-wọlé-má…"

Ohùn Ọmọlará dá: ọmọ tí kò ké. Ti Àǹtí ń lọ.