Ọwọ́ Ìyá Jókòó

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ìyàwó Télọ̀ ní Ìyá Jókòó, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ bu omi mu, "Ẹ jókòó, mò ń gbé e bọ̀." Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fọ abọ́, "Jókòó, ìwọ ò mọ̀ ọ́n fọ̀." Àwọn ọmọ náà jókòó títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n lọ sílé ọkọ, ó wá ku ọkọ rẹ̀ nìkan tí yóò máa dá jókòó. Télọ̀ náà ò sì kọ̀ ọ́. Ta ni yóò rí aya tó ń bá a fẹ́ tíì kó tó fi kan ẹnu, tí yóò ní òun ò fẹ́?

Ó di ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Télọ̀. Ọlọ́run ṣàánú, àìsàn náà ò mú un lẹ́nu, ẹsẹ̀ náà sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú, wà lára rẹ̀ bí ohun tí wọ́n yá a. Bó bá gbé e lé itan, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Ní ọsibítù, obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe máa na iṣan wọn rí i bí Ìyá Jókòó ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ nu ẹnu, tó ń bá a tún kọ́là ṣe, tó tún ń bá a dáhùn ìbéèrè. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mà, ọwọ́ bàbá yìí ṣì lè padà," ni obìnrin náà wí, "ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló máa mú un padà. Gbogbo ohun tí ẹ bá bá a ṣe, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí ọwọ́ yẹn bá sinmi jù, á gbàgbé iṣẹ́ pátápátá."

"Kí n wá máa wò ó níran?"

"Ẹ máa wò ó níran, mà. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn."

Iṣẹ́ wo ló tún le tó bẹ́ẹ̀! Ẹni tó bá rò pé ìkóra-ẹni-níjàánu kò ju ká tètè jí tàbí ká yẹra fún ṣúgà lọ, kó wá wo obìnrin yìí láàárọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń de bọ́tìnnì. Télọ̀ tó ti rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ìdajì ìlú, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni yóò máa lé kiri àyà bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ìyá Jókòó á dìde, á tún jókòó. Á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, á jókòó lé wọn. Bí kò bá gbà á mọ́, á sá lọ sí kíṣìnnì, á máa fọ abọ́ tó ti fọ̀ lánàá, á sì máa bá ara rẹ̀ wí pé, "Obìnrin yìí, dúró jẹ́ẹ́!" Inú ọkọ rẹ̀ náà ò dùn. "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" ni ọkùnrin náà bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní rárá, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí omijé òun.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ̀. Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti pẹ́ fún ọsibítù, ó bá bá a de bọ́tìnnì náà wàràwàrà, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ò lè bayé jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Télọ̀ wọ ẹ̀wù, ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó ju apá méjèèjì sílẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọ aṣọ ilé ìwé fún. Ẹ̀rù ba obìnrin náà ju ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun ò tún ní yẹ̀ mọ́. Bí ayé bá fẹ́, kó bú òun.

Ayé sì bú u. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí, gbé mọ́tò wá wo àbúrò rẹ̀, ó sì bá a nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ìrẹsì wà láyà, ìrẹsì wà nítan, díẹ̀ ló rí ẹnu wọ̀. Ìyàwó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

"Ìyàwó!" Àǹtí ò tilẹ̀ dúró gba ìkíni. "Ohun tí o fi àbúrò mi ṣe rèé? Ìwọ tí kì í jẹ́ kí àlejò bu omi mu? Nígbà tí ara rẹ̀ dá, ò ń sáré kiri. Ó wá di aláìsàn tán, o wá ń wòran?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọsibítù ló ní—"

"Ṣé ọsibítù ló fẹ́ ẹ ni?"

Ó já ṣíbí gbà. Ó bu ìrẹsì, ó fi sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, Télọ̀ sì la ẹnu. Kò jà, kò kọ̀. Ó jẹun, ara sì tù ú. Ìyẹn ló dun ìyàwó rẹ̀ jù.

Kí abọ́ tó ṣófo, Àǹtí ti parí ètò. Òun yóò mú àbúrò òun lọ sílé òun, níbi tí àwọn ọmọ òun yóò ti máa wẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò máa fún un lóúnjẹ. Awakọ̀ wà níta. Kí ìyàwó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ìyàwó kò pariwo. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, mi ò lè bá yín jà. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Tí ẹ bá mú un lọ, inú rẹ̀ á dùn, á yó, á mọ́, ọwọ́ yẹn á sì kú. Ẹ rò pé kò dùn mí ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó lé ọwọ́ mi. Tó bá jẹ́ ohun tí inú mi ń fẹ́ ni, màá gbé e pọ̀n."

Àǹtí pòṣé. "Kò yadi. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o máa bá mi lọ?"

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Màá bá yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún obìnrin náà lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́, yóò dúró nítorí òun, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi rẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó di ẹrù náà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó padà lọ jókòó.

Àǹtí ló gbé bàtà. Àǹtí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìbàdí ń dùn ún, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó di àga mú, ó kérora, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Láti òkè, Télọ̀ rí àárín orí rẹ̀ tó ti funfun báláú. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n ní kékeré ló wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí ló dé? Ṣé mo ṣe ọ́ léṣe ni?"

"Ẹ dìde, Àǹtí." Ojú ti ọkùnrin náà débi pé etí rẹ̀ gbóná. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e fún mi."

Ó gba bàtà, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ òsì di okùn kan mú, ọwọ́ ọ̀tún ń wá èkejì. Okùn bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àǹtí nawọ́ láti gbà á, ìyàwó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti wọ ẹbí yìí: ó di Àǹtí lọ́wọ́ mú. Kò fà á, kò tì í. Ó kàn dì í mú ṣinṣin. Àǹtí wò ó bí ẹni tí yóò gbá a létí. Ìyàwó ò tú u sílẹ̀, Àǹtí bá jáwọ́ nínú bàtà náà. Awakọ̀ tẹ họ́ọ̀nù níta.

Àwọn ìka tó ti sùn tipẹ́ náà ká mọ́ okùn, wọ́n fà á, ó wọ inú èkejì. Kò dára rárá. Aránṣọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá tú u kó tún un dè. Ṣùgbọ́n ó dè.

"Ó ṣe é!" Àǹtí pariwo, ó pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àbúrò mi ṣe é! Ó ku ẹsẹ̀ kan. Ó yá, wọ èkejì ká máa lọ."

Télọ̀ wo bàtà kejì nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó wo èyí tó ti wọ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ̀ ba síwájú, ó na ọwọ́ ọ̀tún, àwọn obìnrin méjèèjì ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà, kó lè bọ́ bàtà náà sílẹ̀.